Ẹ Má Rọ Ọmọ Yẹn Mọ́

Bí ọmọ bá pé ọdún méjì ní Parakou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì lè jẹ iyán tí gbogbo ilé ń jẹ, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ dè é. Ìyá àgbà á ní agídí ló ń ṣe, ẹ rọ ọ́. Aládùúgbò á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Àbúrò bàbá tó kàwé dé yunifásítì á ní kí wọ́n ní sùúrù, àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́, yóò dàgbà kúrò níbẹ̀. Ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kò, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nínú wọn: pé kò sí ẹni tí í kọ́ ọmọ ní oúnjẹ jíjẹ. Wọ́n gbà pé ẹni tí Ọlọ́run dá ẹnu fún ti mọ̀ ọ́n jẹ, àti pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jẹ, bóyá kò fẹ́ ni, bóyá kò wá láti dúró ni, bóyá àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa ọmọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń gbé òkèlè kan ṣoṣo mì. Ètè á pa dé kí oúnjẹ má baà dà. Ahọ́n á kó o jọ, á tì í sẹ́yìn. Bó bá ti dé ọ̀fun, èémí á dúró díẹ̀, ìdérí kékeré kan á bo ọ̀nà èémí, oúnjẹ á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí ikùn. Iṣan tó ju 20 lọ ló ń bá ara wọn ṣe iṣẹ́ yìí, ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún wọn. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa nígbà ìbí lè ní ahọ́n àti eyín tó pé pérépéré, síbẹ̀ kí wọ́n má gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ á máa ti síbí jáde. Eyín rẹ̀ á há mọ́ síbí, kò sì ní lè là á. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa máa ń kọ lẹ́tà mẹ́ta sínú ìwé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, IMC, ìyẹn infirmité motrice cérébrale ní Faransé. Ìyá á ká ìwé náà sínú báàgì, á pọn ọmọ rẹ̀ relé, láìsí ẹni tó sọ fún un bí yóò ṣe fún un ní oúnjẹ alẹ́.

Ohun tó mọ̀ náà ni yóò ṣe. Yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, orí ọmọ á ṣẹ́ sẹ́yìn. Yóò ká àtẹ́lẹwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, yóò da ẹ̀kọ mímu sí i, yóò sì di imú rẹ̀. Ọmọ á jà, á tapá. Nígbà tí èémí bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á la ẹnu, ẹ̀kọ á wọlé. Àṣà ni, kò sì mọ sí ilé kan. Àwọn olùwádìí kan, lára wọn G. A. Oni àti Kenneth Brown, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìyá ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní apá kejì ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi la ilẹ̀ Borgu sí méjì ní 1898. Ní 1991 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Rírọ ọmọ wọ́pọ̀ níbẹ̀, omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ tí wọ́n ń rọ. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń rọ.

Wọ́n á ní: wọ́n rọ àwa náà, a sì wà láàyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó kú kò sí ní ìjókòó láti dá wọn lóhùn. Ọmọ tí ara rẹ̀ pé á húkọ́ bí ẹ̀kọ bá pá a lórí, ikọ́ yẹn ló sì ń gbà á sílẹ̀. Ọmọ IMC lè má húkọ́ rárá. Ẹ̀kọ á yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láìsí ariwo, ará ilé á sì máa dúpẹ́ pé ó jẹun dáadáa lónìí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ara á gbóná, àyà á máa lọ sókè sódò. Wọ́n á gbé e lọ sí ọpitál, wọ́n á tọ́jú òtútù àyà, wọ́n á gbé e padà wálé, wọ́n á sì tún rọ ọ́. Bó bá wá kú, òtútù ló pa á, tàbí kí wọ́n wá ẹnì kan nínú ẹbí tí ẹ̀bi náà yóò bá. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ni wọ́n ń fi bá wí. Ní ti ọmọ yìí, ẹlòmíràn ló ń tì í sọ́nà náà.

Ní ìgbèríko Uganda, àwọn olùwádìí tọ́pa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020. Ewu ikú wọn ju ti ọmọ mìíràn ní àdúgbò wọn lọ ní ìlọ́po tó ju 20. Àwọn tí ara wọn le jù, àti àwọn tí àìjẹunrekánú ti mú gan-an, ni ikú ń mú jù. Ẹni tó bá ka èyí, tó ṣì ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ IMC jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán lẹ́yìn ìwòsàn gidi, kí ó sọ fún wa ohun tí ìwòsàn gidi jẹ́.

Ti ìdájọ́ kejì, ti aládùúgbò, ńkọ́? Ní Borgou, ẹkùn tí Parakou wà, ẹnu ọmọ ti jẹ́ ilé ẹjọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín àwọn Bàrìbá ayé àtijọ́, ọmọ tí eyín rẹ̀ kọ́kọ́ hù lókè, tàbí tí a bí teyínteyín, tàbí tó fi ẹsẹ̀ wáyé, àjẹ́ ni wọ́n kà á sí. Wọ́n lè pa á. Wọ́n sì lè gbé e fún Fúlàní kó máa tọ́ ọ. Carolyn Sargent, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti gbé láàárín wọn, kọ nípa rẹ̀ ní 1988. Kí Yorùbá tó ń ka èyí má ṣe tíì yọ ṣùtì. Lóòótọ́, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè là ń pè é, a sì ń kì í. Ṣùgbọ́n àwa náà la fi abẹ sá òkú ọmọ tí a pè ní àbíkú lára. Kò sí ẹ̀yà kan ní Parakou tó lè fi ọwọ́ sọ́yà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti pé láti 2015 tí Bẹ̀nẹ̀ ti ní Òfin Ọmọdé, ẹ̀tọ́ ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti wà láàyè, bó ti wù kí eyín rẹ̀ hù.

Ohun tó ṣe ọmọ náà kò sì farasin bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Emmanuel Segnon Sogbossi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Toussaint Kpadonou ti Kútọnu wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde ní 2019 lórí àwọn ọmọ IMC ní Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò dé ọpọlọ rẹ̀ nígbà ìrọbí, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí àrùn kọlu ọpọlọ rẹ̀: irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bá pàdé. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Èkó, dókítà ọmọdé Bolajoko Olusanya ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí lórí ibà yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni kò ní èròjà kan tó nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní G6PD. Kánfọ̀ tí a kó sáàárín aṣọ ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, májèlé inú ẹ̀jẹ̀ á sì gòkè lọ ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí: ìfẹ́ ni ìyá fi kó kánfọ̀ sáṣọ, kí kòkòrò má jẹ aṣọ ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá bi í pé ta ni ó ṣẹ̀.

Ìdájọ́ kẹta, pé kí a ní sùúrù, ni mo kórìíra jù, nítorí pé aṣọ ọ̀làjú ló wọ̀ wá. Ọmọ tó kàn pẹ́ rìn ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí nǹkan. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, tó ń di ọwọ́ kan ní ìkúùkù ní gbogbo ìgbà, tí wàrà ọmú ń há lọ́fun, ohun kan ló ń ṣe é, sùúrù kò sì ní wò ó sàn. Bí ẹ ṣe ń dúró ni iṣan ń fà pọ̀, ni itan ń yẹ̀ kúrò ní oríkèé, ni ọmọ ń rù. Ó sì ń kọ́ nǹkan o, ẹ má rò pé kò kọ́. Ó ti kọ́ pé bí òun bá rí síbí, ìrora ló ń bọ̀, kí òun yáa pa ẹnu dé. Ohun tí ìdílé ń pè ní agídí nìyẹn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ.

Yorùbá tó ní a kì í kọ́ ọmọ ní jíjẹ, kí ni a kì í kọ́ ọmọ? Aṣọ là ń ká yí i ká kó lè mọ ìjókòó. À ń pe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ fún un kó lè mọ ìrìn. Ìyá àgbà ń fi ọ̀rí fa apá, ó ń fi fa ẹsẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, ọ̀rí ilẹ̀ Borgou yìí gan-an, ó sì mọ oríkèé tó le àti èyí tó dẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé lọ. Ẹnu nìkan la yọ sílẹ̀, a fi í fún ipá.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ọmọ ń ṣe: jíjẹun, wíwọṣọ, dídi nǹkan mú, eré. Ergothérapeute ni wọ́n ń pè wọ́n ní Faransé. Orthophoniste ni ẹnì kejì wọn, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbé oúnjẹ mì. Kiné tí gbogbo wa mọ̀ ní ọpitál, tó ń na ara, ìyẹn náà yàtọ̀. Ergothérapeute kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kì í kọ oògùn. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn wa kì í fi kà á kún oníwòsàn. Ẹni tó bá jáde ní ọpitál láìgba oògùn máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Kí ni yóò ṣe? Ìjókòó ni yóò kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹnu. Ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé dé ẹ̀yìn àga, kí orúnkún ká, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rí nǹkan tẹ̀. Orí á tẹ̀ síwájú díẹ̀, àgbọ̀n á sún mọ́ àyà. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí: ẹ gbé ojú sókè kí ẹ máa wo àjà, kí ẹ wá gbé itọ́ mì. Ẹ rí bó ṣe ṣòro tó? Bí a ṣe ń gbé orí ọmọ tí à ń rọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìjókòó, síbí: kékeré, pẹlẹbẹ, kó wá láti iwájú ní ọ̀gangan ẹnu, kó má ti òkè wá. Ẹ gbé e lé àárín ahọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá dúró kí ètè ọmọ fúnra rẹ̀ pa dé. Ẹ má fi eyín òkè rẹ̀ nu síbí. Ìdúró yẹn ló le jù fún àwa ènìyàn Parakou, tí iṣẹ́ ń dúró dè wá lọ́jà; ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ìyá lẹ́nu. Omi lásán ló léwu jù fún ọmọ yìí, nítorí pé kíá ló ń sáré wọ ọ̀fun kí ìdérí tó pa dé. Ẹ̀kọ tó ki ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń fún un láyè. Ẹ̀kọ ṣíṣàn tí wọ́n ń rọ̀ ọ́, tí wọ́n là mọ́ omi kó lè tètè wọlé, ewu ló fi kún, oúnjẹ ló sì dín kù. Níbi iṣẹ́ Kwara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé oúnjẹ kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ẹ̀kọ ìlera: ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà sí. Parakou lọ́rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sóyà wà, ẹ̀pà lílọ̀ wà, wàrà àwọn Fúlàní wà ní ọjà Arzéké, ẹyin wà. Síbí mẹ́wàá ẹ̀kọ tó ki, tí a fi ẹ̀pà sí, sàn fún ọmọ yìí ju igbá ẹ̀kọ olómi tó dà sí i lára lọ.

Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè gbéra, ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ìrù síbí kó nípọn, kí ìka tí kò ká dáadáa lè rí i dì mú. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kó má baà yọ̀. Yóò da oúnjẹ sára. Kó dà á. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó dà á kò ní í mọ̀ ọ́n bù láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọmọ tí kò ní àìsàn kankan.

Àtakò tó lágbára jù ni mo fi sẹ́yìn. Wọ́n á ní: gbogbo èyí dára fún Párì, níbo la ti fẹ́ rí ergothérapeute ní Parakou? Kí ìyá gbé ọmọ tó wúwo rin ọ̀nà tó ju 400 kìlómítà lọ sí Kútọnu? Mi ò ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí. Ìṣòro náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ìdí tó fi wà. Parakou ni ìlú tó tóbi jù ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ọpitál ńlá CHUD Borgou-Alibori wà níbẹ̀. Yunifásítì rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001 ní ẹ̀ka ìṣègùn. ENAM, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lomé, ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì wà fún un ní Òṣòdì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2017 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní Òfin 2017-06 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn. Ibi tí a ti lè rí wọn wà, òfin sì wà. Ìdí tí wọn kò fi sí ni pé èrò tí ìyá àgbà gbà gbọ́ náà ni àwọn tó ń ṣètò owó ìlera gbà gbọ́: pé oúnjẹ jíjẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọpitál. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé ìyá àgbà ń ṣe tirẹ̀ lófẹ̀ẹ́.

Àti pé kí àwọn oníṣẹ́ náà tó dé, bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ní Zimbabwe, ní àwọn ọdún 1980, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bevill Packer bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi páálí àti ìwé àlòkù, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ra, ṣe àga tó lágbára. Irú àga bẹ́ẹ̀ ti di ìjókòó ọmọ abirùn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Páálí tí wọ́n ń dáná sun lẹ́yìn Arzéké lójúmọ́ tó láti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó, káfíńtà tó wà ní gbogbo àdúgbò kò sì nílò ju ìwọ̀n ara ọmọ lọ. Ní Ghana, Maria Zuurmond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìpàdé oṣooṣù fún àwọn ìyá ọmọ IMC, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìjókòó, oúnjẹ àti eré. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ju ìdajì àwọn ọmọ náà lọ ni kò wúwo tó. Ọkàn àwọn ìyá balẹ̀ sí i, ìmọ̀ wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ìmọ̀ kò sọ àwo òfìfo di kíkún, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kò sì lè rọ́pò oníṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́.

Mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá àwọn oníṣẹ́ náà rò pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ eré ìdárayá mẹ́wàá fún ìyá tó ń ta ata lọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò bèèrè ta ló ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́sàn-án, ìwé ló kọ, kò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń fún un lóúnjẹ. Òun ló yẹ kí a pè jókòó, kí a kọ́. Kí a sì pe bàbá. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni. Bí kò bá lè jẹun, ó di ti ìyá rẹ̀. Bàbá tó lè gbé ọmọ sẹ́yìn alùpùpù lọ síbi ìsọmọlórúkọ lè fi ìdajì wákàtí jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú síbí.

Ẹ̀yin aṣáájú CHUD àti Yunifásítì Parakou, ẹ rán ọ̀dọ́ lọ sí Lomé àti Ifẹ̀, kí ẹ sì ní iṣẹ́ nílẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ IMC sínú ìwé ọmọ kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ láì fi ìjókòó hàn án. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọwọ́ yín ni à ń wò. Ẹ gba ọmọ náà lórí itan. Oúnjẹ alẹ́ òní, ẹ gbé e jókòó kí ẹ tó fún un.